Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ti hẹ́mẹ́ẹ̀tì àti rénkóòtù yín mọ́ máṣíìnì tẹ́ ẹ bá páàkì?

OníBoxer_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gun máṣíìnì tipẹ́ á ti rí irú ẹ̀ rí. Ìbàdàn ni mo wà, Bajaj Boxer ni mo ń gùn, mi ò fi gbé èrò o, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń lọ. Fíríìjì àti A.C. ni mo máa ń tún ṣe láti ilé dé ilé, ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, lójúmọ́ kan mo lè dúró níbi márùn-ún tàbí mẹ́fà, àárọ̀ ní Bódìjà, ọ̀sán ní Ring Road, kílẹ̀ tó ṣú mo ti dé Àpáta. Gbogbo ibi tí mo bá ti dúró ni mo gbọ́dọ̀ bọ́ hẹ́mẹ́ẹ̀tì, bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, bọ́ ìbọ̀wọ́, tó bá wá jẹ́ àsìkò òjò bá a ṣe wà yìí, rénkóòtù àti bàtà òjò tún ń bẹ. Báàgì irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, sìlíńdà gáàsì wà lọ́wọ́ òsì, ibo ni kí n wá fi gbogbo ẹrù yẹn sí?

Lóṣù tó kọjá mo lọ sí báǹkì kan, mo fi hẹ́mẹ́ẹ̀tì kọ́ jígí ẹ̀gbẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Sìkiọ́rítì tó wà lẹ́nu géètì ní mi ò lè gbé e wọlé, pé kí n fi í síbẹ̀, òun á máa bá mi wò ó. Mi ò pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú nínú ibẹ̀. Nígbà tí mo jáde, jígí wà níbi tó wà, hẹ́mẹ́ẹ̀tì ò sí mọ́, ọkùnrin yẹn náà ní òun ò rí ẹnì kankan. Ẹ ẹ̀ mọ̀ bó ṣe dùn mí tó. Ọjọ́ kẹrin ẹ̀, níwájú ilé kósítọ́mà kan, wọ́n tún já rénkóòtù tí mo fi rọ́bà túúbù dì mọ́ káríà, wọn ò já rọ́bà náà pàápàá, wọ́n kàn fà á yọ ni.

Ibi tó wá burú sí nìyí o: láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi gun máṣíìnì láìdé nǹkan kan sórí. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé tí mo bá tún ra òmíì wọ́n á tún gbé e. Ìyàwó mi ló wá jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan, kò pariwo, ó kàn ní kí n wo àwọn ọmọ méjèèjì tó ń sùn. Mo ra tuntun lọ́jọ́ kejì, èyí tó bo gbogbo ojú àti àgbọ̀n, 32,000 náírà, owó tí mi ò múra ẹ̀ sílẹ̀. Èyí ò gbọdọ̀ lọ o.

Mo rí àwọn wáyà onírin kan ní Ararọ̀mí ní Géètì, èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò tó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń yí. Ṣé ìyẹn tó? Àbí kí n kúkú ṣe àpótí sẹ́yìn? Jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́, báwo lèèyàn ṣe ń ti aṣọ mọ́ irin? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ ṣeun.

---

Dísíbáàṣì_Ìkẹjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀dá mi, ó mà ṣe o. Mo mọ bó ṣe ń rí lára, tèmi náà ti lọ rí ní Ògbà, àárín ìgbà tí mo gbé páálí bàtà méjì gòkè àjà kejì tí mo sì sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà yẹn mo ti kọ́gbọ́n, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣe dísíbáàṣì, kò tíì lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Wáyà yẹn dáa, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó ló ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì àgbọ̀n tó wà lára hẹ́mẹ́ẹ̀tì yín. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni oníke tó máa ń dún pó tẹ́ ẹ bá kì í bọnú ara wọn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u ẹ ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tàbí kẹ́ ẹ fa nǹkan pupa kékeré kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á so bẹ́líìtì yẹn yí wáyà po, wọ́n á ní àwọn ti tì í, wọn ò ti nǹkan kan o! Olè kàn máa tẹ bọ́tìnnì yẹn ni, á tú, á gbé hẹ́mẹ́ẹ̀tì lọ, á wá fi wáyà àti àgádágodo sílẹ̀ fún yín. Oríṣi kejì ni èyí tó ní òrùka irin méjì tí bẹ́líìtì máa ń gba inú ẹ̀ kọjá. Òrùka yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ki wáyà bọ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èyí tó bo àgbọ̀n lẹ rà, ọ̀nà tó dáa jù wà fún yín: ẹ ṣí gíláàsì iwájú sókè, ẹ ki wáyà gba ojú hẹ́mẹ́ẹ̀tì wọlé kó gba ibi ọrùn jáde, kó lè yí apá àgbọ̀n yẹn ká. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àfi kí olè gé wáyà tàbí kó fi ayùn rẹ́ hẹ́mẹ́ẹ̀tì náà, ta ló sì máa ra hẹ́mẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rẹ́? Bẹ́líìtì ni wọ́n lè fi abẹ gé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má fọkàn tán an. Wáyà tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì ló máa gba hẹ́mẹ́ẹ̀tì àti jákẹ́ẹ̀tì pa pọ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì: ẹ ki wáyà gba ọrùn ẹ̀ wọlé, kó gba ọwọ́ jáde, kẹ́ ẹ tó wá ki í bọ hẹ́mẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá máa gbé e á ní láti gé ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí ò lọ́wọ́ ò ṣe é tà. Ìbọ̀wọ́ ní tiẹ̀, inú báàgì irinṣẹ́ yín ni kó máa wà, ó kéré jù láti fi sílẹ̀ níta.

Wáyà yẹn ẹ má wá lọ ti í mọ́ káríà tí wọ́n fi nọ́ọ̀tù dè o. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó fi sípánà 10 tú káríà kúrò, ó gbé gbogbo ẹ̀ lọ pẹ̀lú wáyà. Ara fíréèmù gan-an lábẹ́ síìtì, ibi tí irin nínípọn yẹn gbà kọjá, ibẹ̀ ni.

Èmi fúnra mi o, àpótí dísíbáàṣì ni mo ń kó gbogbo ẹ̀ sí, tí ẹrù bá wá kún inú ẹ̀, mo máa fi hẹ́mẹ́ẹ̀tì kọ́ ìgbọ̀nwọ́ mi gòkè lọ bá kósítọ́mà. Kì í ṣe ìtìjú.

---

BàbáWẹ́dà_Òṣogbo

Àbúrò mi, o kú ìnáwó hẹ́mẹ́ẹ̀tì tuntun. Ọmọ Ìkẹjà yẹn sọ̀rọ̀ dáadáa, màá fi tèmi kún un torí iṣẹ́ mi nìyẹn, mo ti ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tíṣà àti àwọn oníṣẹ́ ìlera tó ń lọ sí abúlé.

Tó o bá ní mẹkáníìkì tó dáa nítòsí, kó kọ́kọ́ bá ẹ wò ó bóyá máṣíìnì ẹ ti ní ibi ìkọ́ hẹ́mẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Àwọn máṣíìnì kan máa ń ní in, irin kékeré kan lábẹ́ síìtì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá òsì tó ń lo kọ́kọ́rọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn gùn ún fún ọdún márùn-ún láìmọ ohun tó wà fún. Tó bá wà, òrùka bẹ́líìtì ló máa ń gbà. Tí ò bá sí, kí wẹ́dà ṣe é fún ẹ.

Gbọ́ mi dáadáa níbí o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó nǹkan mọ́ ara fíréèmù máṣíìnì ẹ. Iná wẹ́dìn máa ń sọ irin ibẹ̀ di ẹlẹgẹ́, kò ní hàn lójú, ọjọ́ tó o bá já sí kòtò pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ló máa fọ́. Káríà ni kí wọ́n tú kúrò lára máṣíìnì pátápátá, kí wọ́n gbé e sílẹ̀, orí ẹ̀ ni kí wọ́n jó o mọ́. Tí wẹ́dà bá ní kò di dandan láti tú u, pé òun á ṣe é báyẹn lórí máṣíìnì, gbé máṣíìnì ẹ kúrò ńbẹ̀. Táǹkì epo wà níwájú ẹ, iná wẹ́dìn ń ta pàrà, bátìrì náà sì wà ńbẹ̀ tí iná wẹ́dìn lè bà jẹ́ tí wọn ò bá yọ wáyà ẹ̀. Mo ti rí ibi tí èyí ti di ẹkún.

Nígbà tí wọ́n bá wá dá káríà padà, kí wọ́n má lo nọ́ọ̀tù lásán. Bóòtù ni kí wọ́n kì, kí wọ́n fi òòlù lu ẹnu ẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́yìn tí nọ́ọ̀tù bá ti wọlé, sípánà ò ní lè tú u mọ́. Ọ̀rọ̀ onísípánà 10 tí ọmọ yẹn sọ, oògùn ẹ̀ nìyẹn. Ìwọ náà ò ní lè tú u wẹ́rẹ́ o, ńṣe lo máa gé e lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ pààrọ̀ káríà, ìyẹn ò burú.

Ní ti àpótí: páànù tó nípọn dáa, ó wúwo díẹ̀ ni, fáíbà fúyẹ́ jù ú lọ. Wọn hẹ́mẹ́ẹ̀tì ẹ kó o tó lọ bá ẹni tó máa ṣe é, torí mo ti ṣe àpótí tó rẹwà fún ẹnì kan rí tí hẹ́mẹ́ẹ̀tì ò wọ̀, ẹ̀bi èmi ni torí mi ò béèrè. Íńjìsì kí ó wà nínú, kì í ṣe níta, kí olè má baà lu pín-ìn-nì ẹ̀ yọ. Ẹnu ìdérí kó sọ̀ kalẹ̀ bíi ìka méjì bo ara àpótí kómi òjò má baà wọlé. Kó o sì lu ihò kékeré méjì sísàlẹ̀ ẹ̀, torí rénkóòtù tútù lo máa kó sínú ẹ̀, omi ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi ṣàn lọ.

---

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin tèmi. Èmi kì í gun máṣíìnì, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí lọ síbi iṣẹ́, mo sì ní hẹ́mẹ́ẹ̀tì tèmi tí mo rà fúnra mi. Mo rí ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá ní mi ò lè dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ fi gun máṣíìnì láìdé nǹkan kan yẹn, bọ̀dá OníBoxer, òun ló ká mi lára jù. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ní jàǹbá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa ní hẹ́mẹ́ẹ̀tì nílé! Ẹ béèrè lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí wọn, wọ́n á ní ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní wọ́n á jí i lọ́jà, ó ní ibi tí òun ń lọ ò jìnnà. Àwọn oníwádìí tó kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí jọ rí i pé láàárín àwọn tí máṣíìnì bá gbé ṣubú, hẹ́mẹ́ẹ̀tì ń dín ikú kù ní bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń dín ọgbẹ́ orí kù ní bíi 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àgádágodo tẹ́ ẹ ń sọ yìí fi jẹ mí lógún, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé tòun ò ní lọ ló máa ń dé e lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí ò bá dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò, àwọn míì dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò náà ò fẹ́ dé e, wọ́n ní orí ẹlòmíì ti wọ ibẹ̀, àwọn kan sì ń bẹ̀rù oògùn. Èmi ò bú wọn o, ẹ̀rù ń bà wọ́n lóòótọ́, òógùn orí ẹlòmíì kì í sì í ṣe nǹkan tó wuni. Ohun tí mo ṣe sí i ni pé mo ra tèmi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín: ẹni tó bá ní ibi tí hẹ́mẹ́ẹ̀tì méjì lè wà lára máṣíìnì ẹ̀, á lè gbé ti ìyàwó tàbí ti ọmọ dání. Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ń ṣe àpótí, ẹ bá wa ro ti ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn yín mọ́ ọn.

Nǹkan kan tún kù. Ẹ dákun, ẹ yéé fi hẹ́mẹ́ẹ̀tì kọ́ orí jígí. Yàtọ̀ sí olè, orí jígí yẹn máa ń gún fóòmù inú ẹ̀. Fóòmù funfun tó le yẹn, tó jọ èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, òun ló ń fún pọ̀ dípò kí agbárí fọ́. Tó bá ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í wú padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó bá ti gba ìkọlù gidi lẹ́ẹ̀kan, ẹ jù ú nù, kódà tí ara ẹ̀ níta ò bá lá. Ẹ má sì gbé e lé ẹnu táǹkì, epo bẹntiróòlù máa ń jẹ fóòmù yẹn bí ìgbà tí iná bá ń jẹ ọ̀rá.

---

ỌmọKétu_Bẹ̀nẹ̀

Ẹ kú o, mo kí yín láti Kútọnu, Kétu ni ilé mi. Kásíkì làwa ń pe hẹ́mẹ́ẹ̀tì níbí. Zẹ́míjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà wa, tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò kún gbogbo ìgboro wa, ọ̀rọ̀ olè kásíkì kì í ṣe tuntun sí wa.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn máa ń rí irin ti wáyà mọ́. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé ibi tí mo bá ti máa ń lọ lemọ́lemọ́, mo máa ní ẹnì kan níbẹ̀. Ní ọjà Dàǹtọ́kpà, ìyá kan ń ta ẹ̀kọ, mo máa ń kí wọn, mo máa ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ wọn, abẹ́ tábìlì wọn ni kásíkì mi máa ń wà títí màá fi dé. Mi ò fún wọn lówó ìṣọ́ rí, wọn ò sì ní gbà á. Owó tí wọ́n ń fún mẹ́gàádì, ẹnikẹ́ni tó bá fún un ní jù bẹ́ẹ̀ lọ ti borí yín.

Èkejì, ẹ ṣe àmì sí i. Mo fi ọ̀dà funfun kọ lẹ́tà orúkọ mi gàdàgbà sẹ́yìn kásíkì, mo fi máákà kọ nọ́ńbà fóònù sínú. Ẹni tó bá jí i ò ní rí i tà ládùúgbò yẹn.

---

Títí_Peckham

Ẹ ǹ lẹ́ o gbogbo ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, báìkì, ìyẹn máṣíìnì, ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún èèyàn lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n Kétu, ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín. Àmì dáa gan-an, kì í kàn ṣe ọ̀dà. Ọ̀dà tí a fi ń kun irin àti tínà tó wà nínú ẹ̀ lè jẹ ara hẹ́mẹ́ẹ̀tì, pàápàá àwọn tí ara wọn jẹ́ ike lásán, ẹ ò ní rí i, á kàn máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí á fi lá. Ẹni tó bá fẹ́ fi epo nu sítíkà kúrò náà, ẹ sọ fún un kó má ṣe é. Sẹlotéèpù aláwọ̀ tàbí sítíkà ló dáa, ọṣẹ àti omi ló sì dáa fún fífọ̀. Nọ́ńbà fóònù náà, ara aṣọ inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ara fóòmù.

Níbí, láti oṣù kẹfà ọdún 1973 ni òfin ti ní ẹni tó bá gun báìkì gbọ́dọ̀ dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà tí wọ́n bá jí tìẹ lóru, báìkì ẹ wà níwájú ẹ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ, o ò lè gùn ún délé, bọ́ọ̀sì lo máa wọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù Kejìlá nínú òtútù, àtìgbà yẹn ni mi ò ti fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Mo fẹ́ kí bọ̀dá OníBoxer mọ nǹkan kan nípa wáyà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹni tó bá ní pláyà ńlá lọ́wọ́ á gé e. Ó wà fún ẹni tó ń kọjá lọ tó kàn rí nǹkan tó sì na ọwọ́, irú ẹni yẹn ló gbé tiyín ní báǹkì. Ẹ lò ó fún ìdajì wákàtí, wákàtí kan, níbi tí èèyàn ti ń kọjá. Tẹ́ ẹ bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ gbé e wọlé. Èyí tó ní nọ́ńbà mẹ́rin ni kẹ́ ẹ rà, mẹ́ta kéré, 1,000 péré ni gbogbo nọ́ńbà tó lè wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní sùúrù á yí i débi tó máa ṣí, ti mẹ́rin jẹ́ 10,000. Ẹ má sì fi ọdún tí wọ́n bí yín ṣe é.

Ẹ wo ibi tí hẹ́mẹ́ẹ̀tì máa rọ̀ sí náà. Apá òsì ni kẹ́ ẹ gbé e sí, torí sàlẹ́ńsà Boxer wà lápá ọ̀tún, hẹ́mẹ́ẹ̀tì tó bá fara kan sàlẹ́ńsà gbígbóná ti yọ́ nìyẹn. Kí ẹnu ẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí òjò má baà kún inú ẹ̀ bí igbá.

---

OníBoxer_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ẹ̀yin náà. Nọ́ọ̀sì wa, mo gbọ́ o, mo fi ọ̀rọ̀ yín han ìyàwó mi, ó ní kí n kí yín.

Mo lọ sí Géètì lánàá. Bẹ́líìtì hẹ́mẹ́ẹ̀tì tèmi, oníke tó ń dún pó ni, ká ní mi ò ka ọ̀rọ̀ bọ̀dá Ìkẹjà ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni màá ṣe so ó yí wáyà po tí màá máa lọ. Mo ra wáyà mítà méjì oní nọ́ńbà mẹ́rin. Mẹkáníìkì mi ò rí ibi ìkọ́ kankan lábẹ́ síìtì tèmi. Mo ti tú káríà, wẹ́dà kan ní Mọ́kọ́lá níbí á bá mi jó òrùka irin méjì mọ́ ọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nílẹ̀ ni á ti ṣe é, mo ti sọ fún un. Méjì torí ti ìyàwó mi. Àpótí á dúró títí owó á fi dé.

Ìbéèrè kan ló kù: rénkóòtù àti bàtà òjò ńkọ́? Wọ́n á ti tutù, mi ò lè kó wọn wọ pálọ̀ èèyàn.

---

Dísíbáàṣì_Ìkẹjà

Bọ̀dá mi, bàtà òjò, ẹ lu ihò kan sí etí ẹ̀ lókè pátápátá, níbi tí omi ò lè gbà wọ ẹsẹ̀, ẹ ki wáyà gba ihò méjèèjì. Rénkóòtù, ẹ ra èyí tó jẹ́ ẹ̀wù àti ṣòkòtò, kì í ṣe èyí tó rí bí àpò, torí èyí tó rí bí àpò máa ń fẹ́ sínú sípóòkù lẹ́yìn. Wáyà gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, gba ọwọ́ ẹ̀wù kan, ó tán. Á tún máa gbẹ bó ṣe wà níta yẹn.

Mo gbàgbé láti sọ nǹkan kan, òun ló sì léwu jù nínú gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tú hẹ́mẹ́ẹ̀tì, ẹ tú gbogbo wáyà kúrò kẹ́ ẹ tó jókòó. Ọ̀rẹ́ mi kan tú hẹ́mẹ́ẹ̀tì, ó dé e, ó gbàgbé ìdí wáyà tó ń fà nílẹ̀, kò tíì rìn tó ọ̀pá iná méjì tó fi lọ́ mọ́ ṣéènì ẹ̀yìn, táyà dúró gbọnin. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò sáré ni. Ẹ so aṣọ pupa kékeré kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì, tẹ́ ẹ bá ti ti wáyà, kẹ́ ẹ tú aṣọ yẹn kúrò lára kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ so ó mọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ yín á kàn án kẹ́ ẹ tó gbéra.

---

BàbáWẹ́dà_Òṣogbo

Àbúrò, sọ fún wẹ́dà yẹn kó fi fáìlì ha ẹnu òrùka náà dán dáadáa tó bá jó o tán, kó sì kùn ún kó má dípàtà. Ẹnu irin tó mú á máa ha rọ́bà ara wáyà lójoojúmọ́ títí irin inú ẹ̀ á fi yọ síta.

---

OníBoxer_Mọ́kọ́lá

Bàbá, ẹ kú ìṣe o. Ó ti ṣe é, ó ha á, ó kùn ún ní dúdú. Àná ni mo kọ́kọ́ lò ó, ní Bódìjà, mo pẹ́ níbi fíríìsà ìyá kan tó ń ta ẹja dídì tó wákàtí kan, òjò ńlá rọ̀ láàárín ẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, mo yọjú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo jáde, àti hẹ́mẹ́ẹ̀tì àti jákẹ́ẹ̀tì ni mo bá bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì rin gbindin, inú hẹ́mẹ́ẹ̀tì gbẹ. Mo tú aṣọ pupa kúrò lára kílọ́ọ̀ṣì, mo ká wáyà sínú báàgì, mo dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì mi, mo forí lé Àpáta.